Ímeèlì alágàádágodo: ibi tó kù sí

Ọ̀sẹ̀ tó kọjá, màmá lọ́yà kan gbé láptọ́ọ̀pù wọn wọ ṣọ́ọ̀bù mi ní Òpópónà Ọba Adéṣídà, l'Ákùúrẹ́. Wọn ò tíì jókòó dáadáa tí wọ́n fi sọ pé, "Ẹnjiníà, lẹ́tà mi sọnù."

Lẹ́tà náà kò sọnù. Àdéhùn ilẹ̀ kan lọ́nà Ìdànrè ni wọ́n ń wá. Wọ́n tẹ "Ìdànrè" síbi ìwákiri, ó ní kò sí. Inú lẹ́tà gan-an ni ọ̀rọ̀ yẹn wà, kò sí lórí àkọlé. Wọ́n wò mí bí ẹni pé èmi ni mo gbé e pamọ́. "Gmail tí mo fi sílẹ̀ ì bá ti gbé e jáde kí n tó tẹ̀ ẹ́ tán. Ẹ̀yin lẹ ní kí n kó wá síbí."

Òótọ́ ni, èmi ni mo ní kí wọ́n kúrò ní Gmail bọ́ sí Proton, ọ̀kan lára àwọn ímeèlì alágàádágodo.

Ìdí tó fi rí bẹ́ẹ̀ nìyí. Kọ̀ǹpútà Gmail lè ka lẹ́tà yín, torí náà ó ti to àwọn ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ sílẹ̀ kí ẹ tó béèrè. Àwọn bíi Proton tó wà ní Geneva ní Switzerland, tàbí Tuta ní Hannover ní Jámánì, mọ̀ọ́mọ̀ ṣe tiwọn kí wọ́n má lè ka ohun tí ẹ kó sọ́dọ̀ wọn. Lẹ́tà yín ti di àdììtú kó tó sùn sórí ẹ̀rọ wọn, pásíwọ́ọ̀dù yín ló sì ń ṣí i. Ó dà bí ìgbà téèyàn ti àpótí, tó ju kọ́kọ́rọ́ sápò ara rẹ̀, tó wá ń bi onílé pé kí ló wà nínú àpótí.

Proton wá ọgbọ́n kan sí i. Ẹ lè tan ìwákiri inú lẹ́tà fúnra yín lórí bíráúsà: yóò fa gbogbo lẹ́tà wálẹ̀, yóò ṣí wọn, yóò sì to ọ̀rọ̀ wọn sínú kọ̀ǹpútà yín. Ohun tí a ṣe fún màmá nìyẹn. Dátà tó jẹ kì í ṣe kékeré, a sì jókòó tì í títí ilẹ̀ fi ń ṣú. Bí ọmọ ilé wọn bá pa ohun tí bíráúsà yẹn tọ́jú rẹ́ lọ́la, a óò tún bẹ̀rẹ̀. Ohun tí àwọn oníbàárà mi ń fẹ́ ni kí àkójọ ọ̀rọ̀ yẹn lè tẹ̀lé èèyàn láti kọ̀ǹpútà dé fóònù, kó sì wà ní títì síbẹ̀.

Ìbéèrè kan ṣoṣo ni mo fi ń yẹ irú ẹ̀bẹ̀ báyìí wò: ṣé kí àwọn iléeṣẹ́ náà tó lè ṣe é, àfi kí kọ́kọ́rọ́ mi dé ọwọ́ wọn? Bó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni, ẹ jẹ́ ká fi í sílẹ̀. Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, wọn ò ní àwáwí.

Ẹ gbọ́ ti bàbá àlùfáà kan. Wọ́n gbàgbé pásíwọ́ọ̀dù, wọ́n fi nọ́ńbà fóònù gba òmíràn, wọ́n wọlé. Ilé ṣí, àmọ́ gbogbo lẹ́tà àtijọ́ ti di aláìṣeé-kà, torí pásíwọ́ọ̀dù tuntun kò mọ kọ́kọ́rọ́ àtijọ́. Wọ́n ní kí n kọ̀wé sí iléeṣẹ́ náà kí wọ́n bá àwọn ṣí i. Ẹni tí kò ní kọ́kọ́rọ́, kí ló fẹ́ fi ṣí i? Proton máa ń fúnni ní ọ̀rọ̀ 12 tí èèyàn lè fi gba nǹkan rẹ̀ padà, Tuta náà ní kóòdù gígùn kan. Ìṣòro ibẹ̀ ni pé èèyàn lè lo ọdún mẹ́ta láì kọ ọ́ sílẹ̀. Ó yẹ kó jẹ́ pé ọjọ́ tí èèyàn bá ṣí àkáǹtì ni wọn ò ní jẹ́ kó kọjá láì kọ ọ́.

Ó tún yẹ kí wọ́n jẹ́ ká lè pín kọ́kọ́rọ́. Àwọn ìyá wa mọ èyí tipẹ́ nídìí owó ẹgbẹ́: àpótí kan, àgádágodo mẹ́ta, èèyàn mẹ́ta, ẹnì kan kò lè dá ṣí i. Adi Shamir, onímọ̀ nípa títi ọ̀rọ̀ pa, ti kọ bí wọ́n ṣe lè fi ìṣirò ṣe irú rẹ̀ láti 1979. Ẹ pín in fún àkọ́bí yín, àbúrò yín, ọ̀rẹ́ yín kan. Bí méjì nínú wọn bá pàdé, àpótí ṣí.

Ọ̀rọ̀ ìlínkì náà ń bí mi nínú. Bí ẹ bá fi Proton kọ lẹ́tà alágàádágodo sí ẹni tó ń lo Gmail, ìlínkì ni onítọ̀hún máa rí, ó ní kó wá tẹ pásíwọ́ọ̀dù. Nílùú wa yìí! Màmá lọ́yà fi ìwé ránṣẹ́ sí oníbàárà wọn kan ní Ọ̀wọ̀ bẹ́ẹ̀, onítọ̀hún pè wọ́n pé àwọn ọmọ Yahoo ti gba ímeèlì wọn. Bí èèyàn kò bá sì yí i, ọjọ́ 28 ni ìlínkì yẹn fi ń kú. Ẹ jẹ́ ká lè kọ gbólóhùn tiwa sójú ìlínkì náà lédè Yorùbá. Ní báyìí ná, ẹ kọ́kọ́ pe ẹni tí ẹ fẹ́ kọ̀wé sí, kí ẹ sì sọ pásíwọ́ọ̀dù náà lẹ́nu.

Ní ti ìpamọ́ fáìlì, iná àti nẹ́tíwọ́ọ̀kì lẹjọ́ wa. Ayàwòrán kan gbé fídíò ìgbéyàwó sókè lóru, iná lọ, ó di pé kó bẹ̀rẹ̀ látorí òdo. Èyí kò kan kọ́kọ́rọ́ rárá. Wọ́n lè gé fáìlì ńlá sí wẹ́wẹ́ kí wọ́n tó tì í, kó sì máa bá a lọ láti èyí tó wọlé kẹ́yìn. Àwọn ọmọ FUTA, yunifásítì ìlú wa, tó ń lo Linux dípò Windows lórí kọ̀ǹpútà wọn ń ráhùn pé Windows ni àwọn iléeṣẹ́ náà máa ń kọ́kọ́ rántí. Owó náírà ńkọ́? Dọ́là tàbí yúrò ni wọ́n ń kọ síwájú wa.

Ẹ má ṣe kọ ohun àṣírí sórí àkọlé lẹ́tà: Tuta ń ti àkọlé mọ́ ọn, ti Proton kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá sì ṣí ti ọ̀fẹ́ tó pa á tì, Tuta lè pa á rẹ́ lẹ́yìn oṣù 6, Proton lẹ́yìn oṣù 12.

Bí ẹ bá ń bọ̀ ní ṣọ́ọ̀bù, ẹ mú ìwé àti bírò dání. Mi ò ní bá yín kọ ọ̀rọ̀ 12 yẹn. Ẹ̀yin lẹ máa kọ ọ́, èmi á kọjú sí ògiri títí ẹ ó fi parí.