Kí ni ìkọ́ni látinú ẹjọ́?

Ìkọ́ni látinú ẹjọ́ ni pé kí akẹ́kọ̀ọ́ òfin fúnra rẹ̀ ka ẹjọ́ tí adájọ́ ti dá, kí ó sì wá òfin inú rẹ̀ jáde kí ó tó wọ kíláàsì. Olùkọ́ kì í ka òfin sí i létí. Ìbéèrè ló máa ń bi í. Christopher Columbus Langdell ló fi ọ̀nà yìí múlẹ̀ ní Yunifásítì Harvard, ní Amẹ́ríkà.

New Boston, ní ìpínlẹ̀ New Hampshire, ni wọ́n bí i sí ní 1826. Ó ti ṣe agbẹjọ́rò ní New York fún bí ọdún 15 kí Charles Eliot, ààrẹ Harvard, tó pè é wá kọ́ni ní 1870. Ọdún náà ló di díìnì, ìyẹn olórí ilé ẹ̀kọ́ òfin níbẹ̀, ó sì wà nípò títí di 1895. Kó tó dé, ẹni tó bá ti jókòó gbọ́ lẹ́kíṣọ̀ fún oṣù 18 ti gba oyè nìyẹn, kò sí ìdánwò.

Ẹjọ́ Payne àti Cave, tí wọ́n dá ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1789, ni Langdell fi bẹ̀rẹ̀ kíláàsì. Wọ́n ń ta ohun èlò ìsè ọtí líle ní gbàǹjo: ọ̀pá tí wọ́n ká bí ejò sínú àgbá omi. Cave dá £40 lé e, kò sí ẹni tó fi kún un. Kí òòlù ẹni tó ń ta gbàǹjo tó balẹ̀, ó ní òun ò rà mọ́. Nígbà tí wọ́n tún un tà, £30 péré ló mú wá. Payne tó ni ọjà pè é lẹ́jọ́ pé kó san èyí tó dín. Ilé ẹjọ́ ní Cave kò jẹ ẹ́ ní kọ́bọ̀.

Langdell á pe akẹ́kọ̀ọ́ kan lórúkọ pé kó sọ bó ṣe ṣẹlẹ̀, ohun tí wọ́n ń jà lé lórí, ibi tí ẹjọ́ parí sí, àti ìdí rẹ̀. Ìdí yìí gan-an ni iṣẹ́ wà. Ẹni tó dá owó lé ọjà ṣì ń fi ọ̀rọ̀ lọni ni. Òòlù ni ẹni tó ń tajà fi ń sọ pé òun gbà. Nígbà tí kò tíì gbà, ẹni tó dá owó lé e lè mú ọ̀rọ̀ rẹ̀ padà. Langdell á wá bi í pé: bí òòlù bá ti balẹ̀ kí Cave tó lanu ńkọ́? Akẹ́kọ̀ọ́ tó há ìdájọ́ sórí nìkan, ibẹ̀ ló ti máa dákẹ́. (Òfin Títa Ọjà ti 1893, tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì mú wá sí Nàìjíríà, sọ ohun kan náà nípa gbàǹjo.)

Lọ́dún àkọ́kọ́, ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ sá kúrò, wọ́n ní kò kọ́ àwọn ní nǹkan kan. Ìwọ̀nba díẹ̀ ló dúró. Ọ̀kan nínú wọn, James Barr Ames, di olùkọ́ níbẹ̀ ní 1873, òun náà ló sì gba ipò díìnì lẹ́yìn rẹ̀.

Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù ni kí èèyàn ka gbogbo ohun tó ti ẹnu adájọ́ jáde sí òfin. Ọ̀rọ̀ tí ìdájọ́ kò dúró lé, tí adájọ́ kàn sọ kọjá, kò de ẹnikẹ́ni. Ìwé ẹjọ́ kò sì kọ́ni bí wọ́n ṣe ń gbọ́ ẹjọ́ lẹ́nu oníbàárà tàbí bí wọ́n ṣe ń bi ẹlẹ́rìí léèrè. Langdell kò sì fi bẹ́ẹ̀ ka òfin tí ilé aṣòfin ṣe kún. Àwọn tó bá a wí lórí èyí kò jẹ̀bi.

Ìdánwò rẹ̀ ni mo rò pé wọn kì í yìn tó. Ìṣẹ̀lẹ̀ tuntun tí kò sí nínú ìwé kankan ló máa ń gbé síwájú akẹ́kọ̀ọ́, pé kó dá ẹjọ́ náà, kó sì sọ ìdí.