Ẹni Tí Kò Lè Ka Èémí, Kí Ó Má Wá Ṣe Nọ́ọ̀sì

Bí èsì BAC, ìdánwò ìparí ilé ìwé girama ní ilẹ̀ Benin wa, bá ti jáde, àwọn òbí á bẹ̀rẹ̀ sí í fa ọmọ lọ́wọ́ wá sí ilé ìwòsàn. Ní Àjàṣẹ́ o, ní Kétu o, ọ̀rọ̀ kan náà ni: "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa wo ọmọ yìí, a fẹ́ kó ṣe nọ́ọ̀sì." Bí a bá bi ọmọ náà pé kí ló fà á, ìdáhùn rẹ̀ kì í ju mẹ́rin lọ. Àánú aláìsàn ń ṣe é. Iṣẹ́ ìjọba dára. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ń ṣe é ní Kánádà. Tàbí kẹ̀, Ọlọ́run ló pè é. Ìyá rẹ̀ á wá fi kún un pé láti kékeré ló ti máa ń fi ẹyọ ìgbálẹ̀ gún ọmọláńgidi lábẹ́rẹ́. Ti ìyá yìí ló ń bí mi nínú jù.

Mi ò bá ẹnikẹ́ni jà lórí owó. Ẹni tó ń ṣiṣẹ́ òru gbọ́dọ̀ jẹun, ẹni tó bá sì là á mọ́lẹ̀ pé owó oṣù lòun ń wá sàn ju ẹni tó ń fi Ọlọ́run bojú. Àánú náà dára, àmọ́ àánú máa ń tán nílẹ̀ tó bá di aago mẹ́ta òru, tí aláìsàn kan ya ìgbẹ́ sórí bẹ́ẹ̀dì, tí èkejì ń bì, tí ẹnì kẹta ń bú ọ. Èyí tó ń gbé èèyàn ró nírú àsìkò bẹ́ẹ̀ ni kó máa wù ú láti mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú ara tó wà níwájú rẹ̀. Ẹni tí ìyẹn kò bá wù, ilé ẹ̀kọ́ kankan kò lè gbìn ín sí i nínú.

Lójú ọ̀pọ̀ èèyàn wa, agúnbẹ́rẹ́ ni nọ́ọ̀sì. Abẹ́rẹ́ kò gba ìṣẹ́jú márùn-ún. Kí là ń fi ìyókù ọjọ́ ṣe? À ń wò, à ń kà, à ń kọ ọ́ sílẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká mú èémí nìkan. Ẹ̀rọ wà fún gbígbóná ara, ẹ̀rọ wà fún ìfúnpá ẹ̀jẹ̀. Èémí, ojú àti aago ni, ìdí nìyí tó fi jẹ́ pé òun ni ọ̀lẹ máa ń kọ́kọ́ fò. Ẹ ṣí ìwé àkọsílẹ̀ ọ̀lẹ, ẹ ó rí i: 20, 20, 20, láti bẹ́ẹ̀dì àkọ́kọ́ dé ìkẹyìn, bí ẹni pé àwọn aláìsàn náà jẹ́ ẹgbẹ́ akọrin tó ń mí pọ̀ lẹ́ẹ̀kan. Ẹni tó kọ ọ́ kò kà á. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, nígbà tí ara bá fẹ́ dà rú, èémí sábà máa ń yí padà kí ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ tó já wálẹ̀. Wákàtí tí èèyàn ìbá fi gba ẹ̀mí là ni 20 irọ́ yẹn jẹ mọ́lẹ̀.

Bí a ṣe ń kà á nìyí. Ọmọ kò gbọdọ̀ máa sunkún, kò gbọdọ̀ máa mu ọmú lọ́wọ́. Bó bá ń sùn, ẹ má jí i. Kí ìyá rẹ̀ ká ẹ̀wù rẹ̀ sókè kí àyà àti ikùn hàn. Kí àyà gbé sókè kó sì wálẹ̀, ẹyọ kan nìyẹn. Ìṣẹ́jú kan gbáko la fi ń kà á. Àwọn kan á ka ìṣẹ́jú àáyá 15, wọ́n á wá sọ ọ́ di ìlọ́po mẹ́rin. Ọmọ ọwọ́ kì í mí déédéé: á yára díẹ̀, á dúró díẹ̀, á tún bẹ̀rẹ̀. Ẹyọ kan tí ẹ bá ṣì kà ti di mẹ́rin nìyẹn. Bí ọmọ kò bá tíì pé oṣù 2, tí ẹ kà á tó 60, ẹ tún un kà. Bó bá tún tó 60, ó ti yá jù. Láti oṣù 2 sí 11, 50 ni. Láti ọdún 1 títí di ọdún 5, 40 ni. Ọmọ tó ń wúkọ́ tí èémí rẹ̀ sì dé iye yẹn, àfàìmọ̀ kó má jẹ́ òtútù àyà, kí ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà. Bí ìsàlẹ̀ ìhà rẹ̀ bá ń wọnú nígbà tó ń fa èémí, ẹ má wulẹ̀ kà mọ́, ẹ dìde. Àgbàlagbà tó jókòó jẹ́ẹ́ máa ń mí láàárín 12 sí 20. Àmọ́ kó má mọ̀ pé èémí rẹ̀ lẹ̀ ń kà o, torí á yí i padà: ẹ di ọrùn ọwọ́ rẹ̀ mú bí ẹni ń ka ìlù ọkàn, kí ẹ máa wo àyà rẹ̀.

Nítorí náà, kí ẹ tó san owó ìdánwò àwọlé, ẹ ra ìwé kékeré kan fún ọmọ yín. Kó ka èémí ìyá àgbà tó wà nílé láàárọ̀ àti lálẹ́ fún ọjọ́ 7, kó máa kọ ọ́. Bí ẹ bá bá nọ́ńbà kan náà láti ọjọ́ kẹta lọ, ẹ wá iṣẹ́ mìíràn fún un. Bó bá sì wá bá yín pé, "Màmá, kí ló dé tí èémí ìyá àgbà fi yára lálẹ́ àná?", ẹ lọ kó owó yín jáde.

Ní ti àwọn tí Ọlọ́run pè, mi ò sọ pé kò pè yín. Florence Nightingale, obìnrin Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n ń pè ní ìyá iṣẹ́ nọ́ọ̀sì òde òní, òun náà ní Ọlọ́run pe òun, ní 1837. Ní 1851 ó lọ kọ́ṣẹ́ ní Kaiserswerth ní Jámánì. Ní 1854, nígbà ogun Crimea, ó dé ilé ìwòsàn ológun ní Scutari ní Tọ́kì, àkọsílẹ̀ iye ọmọ ogun tó kú àti ohun tó pa wọ́n ló sì fi han ìjọba Gẹ̀ẹ́sì lẹ́yìn ogun pé àìsàn pa wọ́n ju ọgbẹ́ ogun lọ. Fìtílà tó ń gbé lọ́wọ́ bẹ aláìsàn wò lóru ni gbogbo ayé ń sọ. Èmi, ìṣirò rẹ̀ ni mo ń kí i fún.

Ọ̀rọ̀ yìí kò mọ sí nọ́ọ̀sì nìkan. Àwọn tó fẹ́ ṣe panápaná, fèrè ọkọ̀ ló sábà máa ń wù wọ́n. Ojú ọ̀nà Kútọnu sí Parakou gba Ṣábẹ kọjá, ẹ wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀ níbẹ̀ tí ọkọ̀ ńlá bá gbá zémìjàn: gbogbo èèyàn á sáré, wọ́n á fa ẹni tó ṣubú dìde, wọ́n á fi í sáàárín èèyàn méjì lórí ọ̀kadà mìíràn, ọrùn rẹ̀ á máa mì. Akọ́ṣẹ́mọṣẹ́ kọ́kọ́ máa ń dúró wò ni. Ṣé epo ti dà sílẹ̀? Ṣé ọkọ̀ ṣì ń bọ̀ lẹ́yìn? Ẹ pe 118, nọ́ńbà àwọn panápaná, ẹ má fún un lómi mu, ẹ má gbé e àyàfi bí iná tàbí ọkọ̀ bá fẹ́ bá a níbẹ̀.

Ó kan àwọn tó fẹ́ràn abẹ́rẹ́ láìfẹ́ràn ẹ̀kọ́. Ọdún 3 lẹ́yìn BAC ni ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì, ní ilé ẹ̀kọ́ INMeS ní Kútọnu tàbí IFSIO ní Parakou. Ẹni tí kò lè fara da ìyẹn á lọ fi oṣù díẹ̀ gbálẹ̀ ní ilé ìwòsàn kótópó kan, á wo bí wọ́n ṣe ń fa oògùn sínú sírínjì, ó di "dókítà" nìyẹn. Á gbé báàgì kọ́ èjìká, á máa ti ojúlé dé ojúlé. Àwọn èèyàn wa fẹ́ràn rẹ̀, torí ó ń gbà yíyá, kì í bi wọ́n ní ìbéèrè.

Ẹ gbọ́ ohun tí ọwọ́ rẹ̀ lè ṣe. Inú ìdí ni okùn ìmọ̀lára tó nípọn jù lọ nínú ara gbà kọjá lọ sí ẹsẹ̀. Ìdí ọmọ kékeré kò lẹ́ran, ti ọmọ tí kò jẹun kánú tún burú sí i. Kíníìnì tí wọ́n ń gún fún ibà jẹ́ oògùn tó kan gan-an, ó máa ń ba ẹran tó bá dà sí jẹ́. Bí abẹ́rẹ́ bá gún okùn yẹn, tàbí tí oògùn dà sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ẹsẹ̀ á rọ: ọmọ kò ní lè gbé ọrùn ẹsẹ̀ sókè mọ́, ìka ẹsẹ̀ á máa wọ́ nílẹ̀. Ti àwọn kan máa ń yá lẹ́yìn oṣù díẹ̀. Ti àwọn mìíràn kì í yá títí ayé.

Kí wá ni wọ́n máa ń wí nílé? Wọ́n á ní ayé ló mú ẹsẹ̀ ọmọ. Wọ́n á pa ẹran, wọ́n á sín gbẹ́rẹ́ sí orúnkún, ẹni tó gún abẹ́rẹ́ náà á tún wá bá wọn kẹ́dùn, wọ́n á sì fún un lóúnjẹ. Ọmọ tó fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ sáré lọ́wọ́ àárọ̀, tó rọ kété tí abẹ́rẹ́ jáde: àjẹ́ wo ló ń lo sírínjì?

Ibà tí ọmọ ṣì ń mu omi, tí kò bì gbogbo ohun tó gbé mì, kò nílò abẹ́rẹ́ rárá. Ẹ jẹ́ kí wọ́n kọ́kọ́ fi ẹ̀kán ẹ̀jẹ̀ kan yẹ̀ ẹ́ wò. Bó bá jẹ́ ibà lóòótọ́, oògùn mímu tó ń jẹ́ artemether-lumefantrine ni, ẹ̀ẹ̀mejì lójúmọ́ fún ọjọ́ 3, èkejì ní wákàtí 8 lẹ́yìn àkọ́kọ́, kó jẹ nǹkan sí i. Bí gìrì bá mú un, tí kò lè mu ọmú, tí kò jí, ilé ìwòsàn ni: abẹ́rẹ́ artesunate la ó fún un nígbà tó bá dé, lẹ́yìn wákàtí 12, àti lẹ́yìn wákàtí 24. Abẹ́rẹ́ àjẹsára ọmọ ọwọ́ tí a ń gún sínú ẹran, àárín itan níwájú lápá òde la ń gún un sí. Ẹni tó bá ní ìdí ọmọ ọwọ́ lòun fẹ́, ẹ gba ọmọ yín lọ́wọ́ rẹ̀.

Bó bá ti ṣẹlẹ̀, ẹ má fi omi gbígbóná tẹ̀ ẹ́, ẹ má sín gbẹ́rẹ́. Ẹ gbé ọmọ lọ lọ́jọ́ náà gan-an, kí ẹ mú ìgò oògùn náà dání, kí ẹ sì fi ibi tí wọ́n gún hàn. Wọ́n á fi nǹkan di ẹsẹ̀ rẹ̀ kí àtẹ́lẹsẹ̀ má bàa so kọ́ sísàlẹ̀, wọ́n á kọ́ yín bí ẹ ó ṣe máa na ọrùn ẹsẹ̀ náà lójoojúmọ́ kí iṣan gìgísẹ̀ má bàa súnkì. Wọ́n á tún gba ìgbẹ́ rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, ó kéré tán wákàtí 24 láàárín, kí ọjọ́ 14 tó pé látìgbà tí ẹsẹ̀ ti rọ. Gbogbo ọmọ tí kò tíì pé ọdún 15 tí ẹsẹ̀ tàbí apá rẹ̀ bá rọ lójijì là ń ṣe é fún, láti mọ̀ bóyá àrùn rọpárọsẹ̀ (polio) ni. Ẹ má bá wọn jà lórí rẹ̀.