Ṣé lóòótọ́ ni pé iye iná kan náà ni fáànù ń jẹ, ìbáà yára, ìbáà rọra?

Ní Àjàṣẹ́ níhìn-ín, bí ooru oṣù Ẹrẹ́nà bá ti dé, tí fáànù òkè àjà kò sinmi mọ́ lọ́sàn-án àti lóru, kì í pẹ́ tí ẹnì kan yóò fi sọ ọ́: «Ẹ má wulẹ̀ dín in kù. Ìbáà wà lórí nọ́ńbà kìíní, ìbáà wà lórí ìkarùn-ún, owó iná kan náà ni.» Mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn onílé, mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu aránṣọ kan lẹ́bàá ọjà Ouando, mo sì ti gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn oníṣẹ́ iná, àwọn tí ó yẹ kí wọ́n mọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ti àwọn wọ̀nyí ni ó ń bí mi nínú jù. Pé fáànù tí ó rọra kò fẹ́ afẹ́fẹ́ tó èyí tí ó yára, kò sẹ́ni tí ó ń jiyàn rẹ̀. Ibi tí ìjà wà ni ibi tí wọ́n rò pé «iná tí ó ṣẹ́ kù» ń lọ.

Ìgbàgbọ́ náà ní orísun. Rẹ́gúlétọ̀ àtijọ́, àpótí ńlá tí wọ́n máa ń kàn mọ́ ògiri láti fi yí eré fáànù padà, ní wáyà kan nínú tí iṣẹ́ rẹ̀ ni láti dí iná lọ́wọ́, dídí yìí a sì máa di ooru. Ẹni tí ó bá fọwọ́ kan àpótí náà nígbà tí fáànù ń rọra yóò rí i pé ó gbóná. Ó wá parí èrò sí i pé ohun tí fáànù kò jẹ, àpótí ti jẹ ẹ́, àròpọ̀ wọn kò sì yí padà. Pé àpótí ń jẹ iná, òótọ́ ni. Pé àròpọ̀ kò yí padà, ta ni ó wọ̀n ọ́n?

Ẹ jẹ́ kí n dúró síbi yìí díẹ̀, nítorí pé ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ máa ń há sí. Ọ̀nà kan ṣoṣo ni iná ń tọ̀: láti ìdí mítà dé inú rẹ́gúlétọ̀, láti inú rẹ́gúlétọ̀ dé inú fáànù, kí ó tó padà. Iná tí ó gba inú àpótí kọjá náà ni yóò gba inú fáànù kọjá, kò sí èyí tí ó yà bàrá lójú ọ̀nà. Bí wáyà inú àpótí bá wá dí i lọ́wọ́, gbogbo ìṣàn náà ni yóò dín kù, láti ìdí mítà títí dé orí fáànù, bẹ́ẹ̀ ni 220 fólítì tí ó ń tì í kò yí padà. Mítà kò mọ ohun mìíràn ju ìṣàn náà àti agbára tí ó ń tì í. Kí ó tó lè ka iye kan náà, ìṣàn kò gbọ́dọ̀ dín kù. Bí ìṣàn kò bá sì dín kù, kí ni yóò mú kí fáànù rọra? Mo ti bi àwọn kan ní ìbéèrè yìí. Èyí tí ó dáhùn dáadáa jù nínú wọn sọ fún mi pé iná gbọ́n ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Àwọn mìíràn a mú àpẹẹrẹ wá: wọ́n ní rẹ́gúlétọ̀ dà bí onízémìjàn tí ó ṣí epo sílẹ̀ tán tí ó tún tẹ bíréèkì. Àpẹẹrẹ náà dùn létí, ṣùgbọ́n lára alùpùpù, ọ̀tọ̀ ni ibi tí epo ń gbà, ọ̀tọ̀ ni bíréèkì. Níhìn-ín, àpótí tí ó jẹ́ bíréèkì náà ni ó ń pa ẹnu epo dé. Mo rò pé ohun tí ó rú wọn lójú ni pé wọ́n ń wo iná bí omi inú korobá, tí wọ́n ti gbé wọlé tán, tí a kò bá mu ún, a ó dà á nù. Iná kì í wọlé bẹ́ẹ̀. Èyí tí ohun èlò wa kò bá fà, kò wọlé rárá.

Rẹ́gúlétọ̀ kékeré tí wọ́n ń tà báyìí kò tilẹ̀ ní ẹ̀bi ooru yẹn. Nínú ọ̀pọ̀ wọn, kápásítọ̀ ni ó ń ṣiṣẹ́, èyí tí àwọn oníṣẹ́ iná wa ń pè ní condensateur. Ó ń gba iná, ó sì ń dá a padà, nígbà 100 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, nítorí pé 50 hertz ni iná wa: ó ń lọ, ó ń bọ̀ nígbà 50 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, ẹ̀ẹ̀mejì ni kápásítọ̀ sì ń gbà á nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ohun tí ó ń sọ di ooru kò tó nǹkan.

Fáànù fúnra rẹ̀ ni kò jẹ́ kí n búra lórí iye tí iná yóò fi dín kù gan-an. Fún abẹ̀bẹ̀ láti yí ní ìdajì eré rẹ̀, ìdá kan nínú mẹ́jọ agbára àkọ́kọ́ ni afẹ́fẹ́ ń bèèrè. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ inú fáànù ń sáré tẹ̀lé agbára òòfà kan tí ń yí po nínú rẹ̀, tí kì í dín eré tirẹ̀ kù. Bí fáànù bá ṣe ń rẹ̀yìn sí i tó, bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀rọ náà ń sọ iná di ooru tó. Nítorí náà, nínú ìṣirò ìwé, ìdá kan nínú mẹ́rin ni ó súnmọ́ òótọ́ jù, nǹkan díẹ̀ sì tún lè lé e.

Ọ̀rọ̀ náà tẹ̀lé àwọn ènìyàn wa dé ilẹ̀ òtútù. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi kan tí ó ń gbé ní Kánádà ní ẹ̀rọ amúlégbóná ní ìsàlẹ̀ ilé, tí fáànù ńlá kan ń ti afẹ́fẹ́ gbígbóná láti inú rẹ̀ lọ sínú àwọn yàrá. Wáyà aláwọ̀ púpọ̀ ni ó jáde lára fáànù náà, lọ́pọ̀ ìgbà dúdú fún eré, pupa fún ìrọra. Ẹnì kan sọ fún un pé iye kan náà ni gbogbo wọn ń jẹ, nítorí pé fólítì kan náà ni wọ́n ń gbà. Fólítì kan náà ni lóòótọ́. Ṣùgbọ́n wáyà ìrọra ń kó iná gba ìká wáyà tí ó gùn jù nínú ẹ̀rọ náà, òòfà rẹ̀ a rẹlẹ̀, ìṣàn a sì dín kù. Àwọn ẹ̀rọ tuntun, tí wọ́n ń pè ní ECM, sàn jù bẹ́ẹ̀ lọ: ẹ̀rọ kékeré kan nínú wọn ni ó ń dín eré òòfà fúnra rẹ̀ kù, kò sí ìrẹ̀yìn tí yóò di ooru. Àmọ́ àwọn kan nínú wọn, bí asẹ́ afẹ́fẹ́ bá dí, a máa fipá sáré sí i, wọn a sì jẹ iná sí i.

Ẹni tí kò bá gbà mí gbọ́, kí ó pa gbogbo ohun èlò ilé, kí ó fi fáànù kan ṣoṣo sílẹ̀, kí ó sì wo iná kékeré tí ń ṣẹ́jú lára mítà. Bí wọ́n bá kọ 1000 imp/kWh sí i lára, èyí tí ó túmọ̀ sí pé yóò ṣẹ́jú nígbà 1000 fún ẹyọ iná (kWh) kan, fáànù tí ń jẹ 75 wáàtì yóò mú un ṣẹ́jú lẹ́ẹ̀kan ní ìṣẹ́jú àáyá 48. Èyí tí ń jẹ 30 wáàtì, lẹ́ẹ̀kan ní ìṣẹ́jú àáyá 120. Pé èyí yóò hàn nínú owó iná yín ní òpin oṣù, n kò lè fọwọ́ sọ̀yà, nítorí pé áyọ́ọ̀nù tí ń jẹ 1000 wáàtì fún wákàtí kan lè gbé ohun tí fáànù fi pamọ́ ní gbogbo òru mélòó kan lọ.

Kí ẹ tó tú rẹ́gúlétọ̀ láti mọ irú èyí tí ó jẹ́, ẹ pa iná láti ìdí mítà. Pípa suìṣì ara ògiri nìkan kò tó. Èyí tí ó bá ń rùn bí ike jíjó, ẹ má wò ó lójú, ẹ pààrọ̀ rẹ̀. Ní ti wáyà fáànù amúlégbóná, ẹ má so dúdú àti pupa pọ̀ sójú iná kan, ìká inú rẹ̀ yóò jó. Èyí tí a kò lò, iná wà lẹ́nu rẹ̀, kí a dì í dáadáa. Fáànù òkè àjà tí ó sì ń rọra láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni dín in kù, ó ṣeé ṣe kí kápásítọ̀ rẹ̀ ti gbó. Bí 2,5 µF, ìyẹn ìwọ̀n kápásítọ̀, bá wà lára ti àtijọ́, 2,5 ni kí ẹ rà. Ẹni tí ó bá fẹ́ ta 4 fún yín pé yóò yára jù bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ bi í bóyá òun náà ni yóò san owó fáànù mìíràn.