Kí kọ́lẹ́ẹ̀jì tó dá dìgírì okòwò tuntun sílẹ̀

Ẹni tó bá fẹ́ kọ́ ẹ̀kọ́ okòwò ní Kwara kò ní rìn jìnnà. Yunifásítì Ìlọrin ń kọ́ ọ, Al-Hikmah ń kọ́ ọ, KWASU, yunifásítì ìjọba ìpínlẹ̀ Kwara, wà ní Màlété, Landmark wà ní Òmù-Àrán, polí ìjọba àpapọ̀ sì wà l'Ọ́ffà. Ká wá ní kọ́lẹ́ẹ̀jì kan ní gúúsù Kwara náà fẹ́ dá tirẹ̀ sílẹ̀. "Ọmọ á wá" ni ọ̀rọ̀ tó máa ń kọ́kọ́ jáde lẹ́nu ìgbìmọ̀. Òótọ́ ni, ọmọ á wá. Ta ló máa gbà wọ́n síṣẹ́ lẹ́yìn ọdún mẹ́rin?

Ọ̀dọ̀ ẹni yẹn ló yẹ kí àyẹ̀wò ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ jẹ́ ká mú aláṣọ òkè kan n'Ílọrin tó ń hunṣọ ránṣẹ́ sí Èkó. Oníbàárà ti san àsansílẹ̀, àmọ́ kí aṣọ tó kúrò lórí òfì, òwú ti gbówó lórí. Ẹni tó ń wá ni ẹni tó lè ṣírò iye tí aṣọ kan ń ná òun gan-an, tó sì lè kọ àdéhùn tí kò ní sọ òun di onígbèsè. Ohun tí irú aláṣọ òkè bẹ́ẹ̀ bá sọ wúlò púpọ̀, torí nínú ètò-ẹ̀kọ́ CCMAS tí NUC, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń bójú tó àwọn yunifásítì, gbé jáde, ìdá 70 nínú ọgọ́rùn-ún ti wà nílẹ̀ fún gbogbo yunifásítì. Ilé-ẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan ló ń fi ìdá 30 tó kù kún un fúnra rẹ̀. Bí ìgbìmọ̀ kò bá rí ohun gidi fi sínú 30 yẹn, ohun tí wọ́n ń kọ́ ní Màlété náà ni wọ́n fẹ́ tún máa kọ́.

Kọ́lẹ́ẹ̀jì tí òfin kò fún láṣẹ láti fúnni ní dìgírì gbọ́dọ̀ wá yunifásítì tí yóò so mọ́. Orúkọ yunifásítì yẹn ló máa wà lórí ìwé-ẹ̀rí.

Ó wá ku owó, ibi tí ètò tó dára ti máa ń dojú dé. Òṣùwọ̀n NUC fún ẹ̀kọ́ ìṣàkóso ni olùkọ́ kan sí akẹ́kọ̀ọ́ 30. Bí wọ́n bá ń gba ọmọ 60 lọ́dún, olùkọ́ méjì tó fún ọdún kìíní lórí ìwé. Tó bá fi máa di ọdún kẹrin, ọmọ 240 ń retí olùkọ́ mẹ́jọ. (Àwọn tó ti gba ND l'Ọ́ffà lè gba Direct Entry wọ ọdún kejì, kíláàsì yẹn sì lè kún ju bí a ṣe rò lọ.) Àmọ́ NUC máa ń wá wo olùkọ́, ìwé àti yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́ kí ọmọ kankan tó wọlé. Owó oṣù á ti máa jáde nígbà tí owó ilé-ìwé kò tíì wọlé.

Ìbẹ̀wò ìfọwọ́sí (accreditation) ló máa tẹ̀ lé e. Ẹ̀kọ́ tó yege pátápátá gba ìfọwọ́sí ọdún 5, èyí tó kù díẹ̀ káàtó gba ti ọdún 2, èyí tó kùnà kò gbọdọ̀ gba ọmọ tuntun mọ́. Ọmọ tí òbí rẹ̀ ti san owó ọdún mẹ́ta ni ìyà ìkùnà yẹn máa ń jẹ jù, ó sì ń dunni.

Nítorí náà, kí wọ́n tún ìṣirò náà ṣe bíi pé ọmọ 30 péré ló wá. Bí owó wọn kò bá lè gbé owó oṣù olùkọ́ fún ọdún méjì àkọ́kọ́, tí kò sì sí ibòmíràn tí owó ti máa wá, kí wọ́n kó ìmọ̀ tí aláṣọ òkè yẹn béèrè sínú ẹ̀kọ́ tí wọ́n ti gba ìyọ̀ǹda rẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ìyẹn lè bẹ̀rẹ̀ ní sáà tó ń bọ̀.