Ibi Tí Ààlà Dé Kọ́ Ni Ibi Tó Yẹ Kí Ayùn Dé

Bí igi ará ilé kejì bá ti na ọwọ́ wọ ọgbà yín, tí ewébẹ̀ abẹ́ rẹ̀ ń pọ́n nítorí àìrí oòrùn, ohun tó máa ń kọ́kọ́ síni lọ́kàn ni pé kí a gé e dé ojú ààlà. Ẹ ní sùúrù. Òfin lè gbà yín láyè, kí ara igi má gbà á.

Ẹ jẹ́ ká ti ọ̀dọ̀ òfin wá, torí kò rí bákan náà níbi gbogbo. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ẹ lè gé ohun tó ré kọjá ààlà láìtọrọ àṣẹ, bí ẹ kò bá ti wọ ilẹ̀ onílẹ̀, àmọ́ ẹ̀ka tí ẹ gé àti èso orí rẹ̀ ṣì jẹ́ ti onígi. Ní Jámánì, ẹ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fún un ní àkókò tó tó láti gé e fúnra rẹ̀. Ní ilẹ̀ Faransé, gbòǹgbò àti igi wẹ́wẹ́ lẹ lè fọwọ́ ara yín gé. Ẹ̀ka ńlá, onígi ni ẹ máa ní kó gé e. Ẹ bèèrè ti ibi tí ẹ ń gbé, ẹ sì bèèrè bóyá igi náà wà lára àwọn tí ìjọba ní kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kàn.

Kùkùté ni ìṣòro tó wà nínú gígé dé ojú ààlà. Ẹ̀ka tí a gé sí àárín, tí kò ku ewé kankan lórí rẹ̀, èèpo kò ní lè bo ojú ọgbẹ́ rẹ̀. Á jẹrà wọnú, tàbí kó rú ọ̀mùnú yẹ́úkẹ́ tí kò dì mọ́ igi dáadáa, tó sì máa ṣú ju ti tẹ́lẹ̀ lọ láàárín ọdún mélòó kan. Ìdí nìyí tó fi yẹ kí ẹ lọ bá onígi, kí ẹ tọrọ àyè láti gé e lọ́dọ̀ tirẹ̀: ní ìdí ẹ̀ka gan-an, tàbí níbi tí ó ti yà sí ẹ̀ka mìíràn tó nípọn tó ìdá kan nínú mẹ́ta rẹ̀, ó kéré tán. Ẹ ní ẹ̀yin lẹ máa palẹ̀ rẹ̀ mọ́. Gbólóhùn yẹn máa ń rọ ọkàn ju lẹ́tà lọ́yà lọ. Ẹ ya fọ́tò kí ẹ tó gé e àti lẹ́yìn rẹ̀.

Ẹ̀ka tó bá nípọn ju àtàǹpàkò lọ, ẹ má fi àdá gé e, ṣe ni yóò là. Ayùn ni kí ẹ lò, ẹ sì gé e lẹ́ẹ̀mẹta. Àkọ́kọ́, láti abẹ́, ní nǹkan bí 30 sẹ̀ǹtímítà sí ìdí ẹ̀ka, kí ayùn wọlé tó ìdá kan nínú mẹ́ta. Ìkejì, láti òkè, ní nǹkan bí 5 sẹ̀ǹtímítà sí i lápá òde. Ibẹ̀ ni ẹ̀ka á ti já bọ́. Bí ẹ bá fo ti abẹ́, ìwúwo ẹ̀ka á bó èèpo igi wálẹ̀. Ìkẹta ni ẹ máa fi gé kùkùté tó kù, lẹ́yìn ibi tó wú tó sì hunjọ bí ọrùn. Ẹ má gé ọrùn yẹn, òun ló ń hu èèpo tuntun bo ọgbẹ́. Ẹ má sì kun ún ní ọ̀dà. Omi ló máa ń há sábẹ́ rẹ̀.

Lọ́dún kan, ẹ má mú ju ìdá kan nínú mẹ́rin ewé igi lọ. Igi tí a gé lápá kan ṣoṣo, apá kejì ni ìwúwo rẹ̀ máa fì sí, ilé onígi ló sì wà níbẹ̀.

Gbòǹgbò ló léwu jù. Ẹ wọn bí ìdí igi ṣe fẹ̀ láti ẹ̀gbẹ́ kan sí èkejì. Bó bá jẹ́ 40 sẹ̀ǹtímítà, ẹ má gé gbòǹgbò kankan láàárín 1.2 mítà sí i, ìyẹn ìlọ́po mẹ́ta, 2.4 mítà ló dára jù. Lẹ́yìn ibẹ̀, ẹ lè gbẹ́ kòtò tóóró tó jìn ní 60 sẹ̀ǹtímítà, kí ẹ ri ike tó nípọn mọ́ ọn, kí etí rẹ̀ yọ díẹ̀ lórí ilẹ̀, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ gbòǹgbò á gun orí rẹ̀ kọjá. Ní ti páìpù, gbòǹgbò kì í sábà fọ́ èyí tó dá ṣáká, ibi tó ti ń jò ló ń wọ̀. Ẹ tún páìpù ṣe.

Àwọn kan máa ń da iyọ̀ tàbí oògùn apagi sídìí rẹ̀ lóru. Yàtọ̀ sí pé ẹjọ́ ni, iyọ̀ á ba ilẹ̀ ọgbà tiyín náà jẹ́, òkú igi á sì máa já ẹ̀ka bọ́ lé yín lórí.

Bí wáyà iná bá gba àárín ẹ̀ka, tàbí tó bá jẹ́ pé orí àkàbà lẹ máa dúró sí kí ẹ tó lè fi ẹ̀rọ agégi gé e, ẹ pe agégi tó mọṣẹ́. Iléeṣẹ́ mọ̀nàmọ́ná ló sì gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ pa iná.