Cumul des mandats: bí olóṣèlú Faransé ṣe ń jókòó sílùú rẹ̀, tó tún ń jókòó ní Paris

Ọdún 1947 ni Jacques Chaban-Delmas di méyọ̀ ìlú Bordeaux. Ọdún 1995 ló tó gbé ipò náà sílẹ̀. Láàárín ọdún 48 yẹn, aṣòfin ni ní Paris, ó ṣe olórí ilé aṣòfin nígbà mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, ó sì jẹ́ olóòtú ìjọba láti 1969 sí 1972. Kò sí ìkankan nínú wọn tó mú kó fi Bordeaux sílẹ̀. Ohun tí àwọn ará Faransé ń pè ní cumul des mandats nìyẹn: kí ẹnì kan ṣoṣo di ipò ìbílẹ̀ mú, kó tún di ti ìjọba àpapọ̀ mú lẹ́ẹ̀kan náà. Aṣòfin tó bá tún jẹ́ méyọ̀, député-maire lorúkọ rẹ̀.

Wọ̀bìà ló máa kọ́kọ́ wá sí èèyàn lọ́kàn. Owó wà níbẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n òfin ti fi òdiwọ̀n sí i: àpapọ̀ ohun tí aṣòfin ń gbà lórí gbogbo ipò rẹ̀ kò gbọdọ̀ ju ìlọ́po kan àbọ̀ owó oṣù aṣòfin lọ. Agbára gan-an ni wọ́n ń wá. Paris ló ń yan préfet, aṣojú ìjọba àpapọ̀ ní ẹkùn kọ̀ọ̀kan, ojú préfet yìí sì ni ìpinnu ìlú gbọ́dọ̀ gbà kọjá nígbà náà. Méyọ̀ lásán tó fẹ́ kọ́ afárá á dúró lẹ́nu ọ̀nà préfet títí. Èyí tó bá tún jẹ́ aṣòfin á wọ ọkọ̀ ojú irin lọ Paris, á kan ilẹ̀kùn mínísítà fúnra rẹ̀, mínísítà ò sì ní lè lé e, torí ó nílò ìbò rẹ̀ nílé aṣòfin.

Oṣù kẹta ọdún 1982 ni òfin gba àṣẹ yẹn kúrò lọ́wọ́ préfet. Gaston Defferre, mínísítà ọ̀rọ̀ abẹ́lé tó gbé òfin náà wá, ta tún ni bí kò ṣe méyọ̀ Marseille láti 1953! Kò fi ipò méyọ̀ yẹn sílẹ̀ títí ó fi kú ní 1986.

Ọ̀nà tí Jacques Chirac gbà gòkè ló ṣàlàyé àṣà yìí jù lójú tèmi. Ó bẹ̀rẹ̀ ní 1965 gẹ́gẹ́ bí ọmọ ìgbìmọ̀ ìlú kékeré kan, Sainte-Féréole, ní ẹkùn Corrèze. Ó di aṣòfin ní 1967, ó ṣe alága ìgbìmọ̀ ẹkùn náà láti 1970 sí 1979, ó sì di méyọ̀ Paris ní 1977. Nígbà tó padà wá jẹ́ olóòtú ìjọba láti 1986 sí 1988, òun náà ṣì ni méyọ̀ Paris. Ó wà nípò méyọ̀ yẹn títí ó fi di Ààrẹ ní 1995.

Àṣà náà kan Áfíríkà tó wà lábẹ́ Faransé pẹ̀lú: Félix Houphouët-Boigny, ẹni tó padà di Ààrẹ àkọ́kọ́ ní Côte d'Ivoire, jẹ́ aṣòfin ní Paris, ó di mínísítà níbẹ̀ ní 1956, ọdún yẹn kan náà ló di méyọ̀ Abidjan.

Òfin 1985 ló kọ́kọ́ dín ipò kù sí méjì nínú àwọn tó tóbi. Èyí tó wá gé e pátápátá ni ti 2014, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2017: aṣòfin tàbí sẹ́nétọ̀ kò gbọdọ̀ jẹ́ méyọ̀, igbákejì méyọ̀, tàbí alága ìgbìmọ̀ ẹkùn mọ́. Ó ṣì lè jókòó lásán nínú ìgbìmọ̀ ìlú. Jean-Claude Gaudin, méyọ̀ Marseille tó tún jẹ́ sẹ́nétọ̀, ní láti yan ọ̀kan, ó yan Marseille, ó fi ilé sẹ́nétọ̀ sílẹ̀. Ẹ lè rí ìyàtọ̀ tó wà láàárín méyọ̀ àti aṣòfin lára ọ̀já aláwọ̀ mẹ́ta tí wọ́n ń gbé kọ́ èjìká níbi ayẹyẹ: àwọ̀ búlúù ló ń sún mọ́ ọrùn méyọ̀, pupa ló ń sún mọ́ ti aṣòfin.

Àwọn kan ń ráhùn pé àwọn aṣòfin ò mọ ohun tó ń lọ nígboro mọ́. Ó ṣeé ṣe. Òfin náà ò kúkú ní kí ẹnikẹ́ni má lọ kó má bọ̀: Édouard Philippe fi ipò méyọ̀ ìlú Le Havre sílẹ̀ ní 2017 láti di olóòtú ìjọba, oṣù keje ọdún 2020 ló kúrò nípò yẹn, ọjọ́ mélòó kan lẹ́yìn náà ó ti tún di méyọ̀ Le Havre.