Òróró efinrin àti kòkòrò tí oògùn ò ràn mọ́

Ẹni tó bá ti ṣí ìdérí ìkòkò àgbo efinrin rí mọ bí òróró ṣe ń jáde lára ewé: ooru ló ń gbé e. Ibi tí ọ̀rọ̀ ti dùn ni ohun tí òróró yẹn ń ṣe fún bakitéríà, kòkòrò àìfojúrí tó lè fa àìsàn.

Kọ́kọ́rọ́ ni ọ̀pọ̀ àńtíbáyọ́tíìkì. Oríkèé iṣẹ́ kan pàtó nínú bakitéríà ni wọ́n ń dojú kọ. Penisilíìnì, bí àpẹẹrẹ, kì í jẹ́ kó rí ògiri rẹ̀ mọ. Bakitéríà náà kì í sùn: ó lè pààrọ̀ àgádágodo, tàbí kó pèsè ohun tó ń gé kọ́kọ́rọ́ sí wẹ́wẹ́.

Thymol tó máa ń pọ̀ nínú òróró efinrin, àti eugenol inú kànáfùrù, kò wá àgádágodo kankan. Bakitéríà ní awọ tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí ó jẹ́ ọ̀rá, òróró ò sì bá omi rẹ́, ọ̀rá ni ìbátan rẹ̀. Yóò wọnú awọ yẹn bí epo ṣe ń wọnú bébà tí wọ́n fi wé àkàrà gbígbóná. Bébà yẹn lè má ya, àmọ́ ó ti dẹ̀, ìmọ́lẹ̀ ń gba inú rẹ̀ kọjá, bí wọ́n bá sì fi ìka tì í, ó ti lu. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni awọ bakitéríà ṣe ń dẹ̀, tí pòtásíọ̀mù inú rẹ̀ á máa jò síta, títí agbára á fi tán. Pípààrọ̀ gbogbo awọ ara nira ju pípààrọ̀ àgádágodo lọ. Ọgbọ́n tó wà nínú òróró nìyẹn. Síbẹ̀, bakitéríà kan tó ń jẹ́ Pseudomonas ní ẹ̀rọ bíńtín lára awọ rẹ̀ tó ń gbọ́n òróró tó bá wọlé dà síta.

Ohun tó ń bí ènìyàn nínú ni àwòrán àwo àyẹ̀wò tí wọ́n ń pín kiri. Nínú àwo náà ni agar wà, tó dì bí ẹ̀kọ tó ti tutù. Wọ́n á ra bakitéríà sójú rẹ̀, wọ́n á gbé bébà róbótó tó mu òróró lé e, ó di ọjọ́ kejì. Bakitéríà á bo ojú àwo bí ìkùukùu, àyàfi àyíká bébà tó mọ́ gaara. Wọ́n á ní efinrin ti ṣẹ́gun! Àwọn kan á bẹ̀rẹ̀ sí í gbé òróró mì.

Ẹ̀jẹ̀ ò sí nínú àwo, ẹ̀dọ̀ ò sí níbẹ̀. Iye thymol tó ń pa bakitéríà Staphylococcus aureus nínú àwo sábà máa ń ju 100 máíkírógíráàmù lọ nínú mílílítà kan; vancomycin, oògùn tí wọ́n fi ń tọ́jú MRSA (irú Staphylococcus aureus tí ọ̀pọ̀ àńtíbáyọ́tíìkì ò ràn mọ́), 1 tàbí 2 ló sábà máa ń tó. Àyíká mímọ́ yẹn gan-an ò ṣeé fi wọn agbára òróró, nítorí omi ló pọ̀ jù nínú agar, òróró ò sì lè rìn jìnnà nínú omi.

Sẹ́ẹ̀lì tiwa náà ńkọ́? Awọ ọ̀rá ló wé mọ́ ọn. Ohun tí kò wá àgádágodo kò mọ ilé tó ń wọ̀. Òróró kànáfùrù tí ọmọdé gbé mì ti ba ẹ̀dọ̀ jẹ́ rí.

Orí awọ ara ló ti ní ààyè. Nínú ìwádìí kan tó jáde ní Ìlú Ọba lọ́dún 2004, wọ́n fi òróró igi tea tree ti Ọsirélíà wé oògùn tí wọ́n ń lò láti lé MRSA lára aláìsàn. Nínú imú, mupirocin tó jẹ́ oògùn mú un kúrò lára ìdá 78 nínú ọgọ́rùn-ún, òróró mú un kúrò lára ìdá 47. Lójú awọ ara àti ojú egbò, òróró ló borí.